Ọwọ́ Tí N Kò Kọ Sínú Ìtàn Ọmọ Odó

Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán lọ́wọ́ nígbà tí Tíṣà já wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìkí ẹnikẹ́ni. Oníbàárà mi ni, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ìwé girama ìlú wa, ìlú kékeré kan láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fì bí abẹ̀bẹ̀.

"Màmá Aránṣọ, ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró! Wọ́n ti kọ̀wé nípa yín!"

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ayọ̀.

"Ta ló kọ ọ́? Ọlọ́pàá ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́pàá kẹ̀! Kí lẹ jí gbé? Lámèyítọ́ ni. Lámèyítọ́ ńlá!"

Lámèyítọ́ ni wọ́n ń pe àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka ìwé ẹlòmíràn, kí wọ́n sì sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Girama nìkan ni mo kà, mo kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, mo sì lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá wá gba aṣọ tí n kò tíì rán tán, ó máa ń jókòó dè mí, èmi náà á sì máa pa ìtàn fún un kí inú má baà bí i. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo pa ti àwọn ọmọ odó fún un. Ó ní àfi kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìwé lítíréṣọ̀ kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo gbà fún un nítorí mo rò pé kò sí ẹni tó ń ka irú rẹ̀ lágbègbè wa. Orúkọ tí mò ń jẹ́ kí n tó lọ́kọ ni mo fi sí i.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo ọmọ odó tó wà nínú ìlú kan dìde lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Àwọn obìnrin rí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àsè wà níbìkan. Nígbà tí àwọn ọmọ odó pé ní oríta, wọ́n yí padà, wọ́n wọlé tọ àwọn onílé lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn bí ẹni gún iyán, lórí, láyà, ní orúnkún. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n padà lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin fọ̀ wọ́n, wọ́n fi gúnyán, kò sì sí ẹni tó bèèrè ìdí tí iyán fi pupa. Ó parí síbẹ̀.

Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó ṣí ìwé, ó ń kà á bí ẹni ń ka Bíbélì.

"Ẹ gbọ́ o. 'Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn kúkurú lédè Yorùbá, n kò tíì rí èyí tó ṣàjèjì tó báyìí.' Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? 'Òǹkọ̀wé yìí mú ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ilé ní apá àríwá Èkìtì, ó sọ ọ́ di ẹranko. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá fi ọ̀daràn sí i, ì bá fi ọ̀tá sí i. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsí ọwọ́ yìí gan-an ni ọgbọ́n ìtàn náà. Irú nǹkan báyìí kò ṣẹlẹ̀ rí níbikíbi láyé, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.'"

Mo ní kó tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn kà. Ó tún un kà, ó rò pé adùn ìyìn ló ń pa mí. Òógùn ló ń bò mí. Ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí yìí ti fi ìka tọ́ ibi tí mo sá pamọ́ sí, ó sì ń pè é ní ọgbọ́n. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ̀rù ló mú kí n yọ ọwọ́ kúrò nínú ìtàn náà. Ọwọ́ wà níbẹ̀, ó pọ̀, mo sì mọ ẹni tó kó wọn wá.

"Ṣé ó dárúkọ ìlú wa, Tíṣà?"

"Rárá. Èkìtì nìkan ló pè. Ẹ ò wá jẹ́ kí n kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fi orúkọ ìlú sí i? Ẹ jẹ́ kí ayé mọ̀ wá jàre!"

Kò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni ìjọba gbé e wá sí ìlú wa, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ọdún ìbò kan ni, n kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọdún. Àwọn ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Ìdó àti lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, wọ́n ń tú bútì, wọ́n ń wá àdá àti ìbọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n rán sí wa fi wá lọ́wọ́ òfìfo. Bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Géńdé ni gbogbo wọn, a kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ń mú wọn kiri ni a mọ̀. Ọmọ ìlú wa ni, ó ń ṣe òṣèlú. Lẹ́yìn ìbò náà ló di Ọ́nọ́rébù, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì máa pè é. Ó ń ya ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin ìyá wa. Àlejò wa pọ̀ lónìí, uyán la fẹ́ gún fún wọn. Ẹ yá wa lọ́mọ odó."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ọmọ odó du ènìyàn. Wọ́n lè fi iyọ̀ dù ọ́, wọ́n lè fi iná dù ọ́ bí inú bá ń bí wọn, ṣùgbọ́n bí àlejò bá pọ̀ nílé kan, gbogbo ọmọ odó àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀, ẹni mẹ́ta mẹ́rin á sì máa gún un pọ̀ nínú odó kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin ń sáré wọlé lọ mú un. Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ fi omi ṣan tiwa kó tó gbé e fún wọn. Obìnrin kan nísàlẹ̀ ọ̀nà ń fi àwọn géńdé náà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wo ọwọ́ wọn bó ṣe rọ̀! Ṣé ẹ̀yin yìí lè gún uyán?"

Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ máa rí i."

Wọ́n kó ara wọn jọ ní oríta, wọ́n sì yí padà. Ilé tó dojú kọ tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìntì ló ni ilé náà; Bàbá Ọ̀gá ni à ń pè é. Òun ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá ti Ọ́nọ́rébù du ìbò ní wọ́ọ̀dù wa. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Nígbà tó rí wọn, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi." Ọwọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbé ọmọ odó sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, bí èkíní ti ń gbé e lèkejì ń sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe é. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé wa. Àwọn kan di ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ọ̀gá, mọ́ ògiri, wọ́n fa irun rẹ̀ sẹ́yìn kó lè máa wò ó.

Lẹ́yìn náà wọ́n sọdá sọ́dọ̀ wa, nítorí ọkọ mi ni aṣojú ẹgbẹ́ yẹn níbi àpótí ìbò. Wọ́n wọ́ ọ jáde láti inú yàrá. Wọ́n gún orúnkún rẹ̀ ọ̀tún títí eegun fi yọ síta. Wọ́n gbá a lójú, ojú náà sì fọ́. Mo ṣubú lé e lórí. Ẹnìkan gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbọ́ bí eegun ìhà mi ṣe dún, mo sì ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu ara mi. Láti ilẹ̀ tí mo wà, bàtà Ọ́nọ́rébù ni mo ń wò ní ẹnu ọ̀nà. Bàtà náà mọ́. Mo gbọ́ tó ní, "Ó tó. Ẹ má jẹ́ kí eléyìí kú, ẹbí ìyá mi ni."

Wọ́n kó ọmọ odó jọ sí oríta, wọ́n bá ọkọ̀ wọn lọ. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ mú tiwọn. Kò sí obìnrin tí kì í dá ọmọ odó rẹ̀ mọ̀. Ìyá ọkọ mi dáná sun tiwa. Àwọn mìíràn fọ tiwọn. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi? Ilé gbọ́dọ̀ jẹun.

Bàbá Ọ̀gá kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ọ̀kadà ló gbá a. Ọ́nọ́rébù wá kí wa níbi tí wọ́n tẹ́ ọkọ mi sí, ó mú ọsàn dání.

"Ṣíṣubú lẹ ṣubú, àbí?"

Ọkọ mi fi ojú kan tó kù wò ó. "A ṣubú ni."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà láàyè. A ṣubú. Títí di ọjọ́ tí Tíṣà mú ìwé náà wá, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wa.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi nípa ìyìn náà, ó tẹrí ba. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀.

"Kí lo kọ?"

"Ọmọ odó ni mo kọ. N kò kọ ènìyàn kankan."

"O kọ orúnkún?"

Mo mú òwú, mo ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Orúnkún mi lo kọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn yẹn. Ẹni tó kó wọn wọlé mi kì í ṣe púrúǹtù o. Ó mọ̀wé kà."

A fẹnu kò pé a ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ìdajì rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Kò mọ ìwé. A ti sọ fún un pé ìtàn ìjàpá ni mo kọ. Ó gbọ́ pé wọ́n yin ìyàwó òun ní Ìbàdàn, ó ró aṣọ, ó di ilé àlùfáà. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti fi orúkọ wa sínú àwọn tó máa ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kò tó ohun tí à ń dúpẹ́ sí."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé o fẹ́ dolè ni?"

Tíṣà ní tirẹ̀ ti fún akọ̀wé ìjọ ní ìwé náà pé kó ka ìyìn ọ̀hún sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ.

Bí wọ́n bá pe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó ń dúpẹ́ á jó lọ síwájú pẹpẹ, ẹni tó bá fẹ́ bá a yọ̀ á sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. A kì í yan ẹni tó máa tẹ̀lé ni. A kì í sì í lé e padà. Ọ́nọ́rébù wà ní ìjókòó iwájú bó ti máa ń wà. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ọrùn rẹ̀ nígbà tí akọ̀wé ń kàwé. Nígbà tó dé ibi tó ti pe ọmọ odó, ọrùn náà le gbandi. Gbogbo abẹ̀bẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dúró. Mo rí ìyá ọkọ mi tó yí ojú sí mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo ń wá ẹnu ọ̀nà, mo ń rò bí ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe máa sáré.

Akọ̀wé kà á dé òpin. Ọ́nọ́rébù dìde, ó na ọwọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Akọ̀wé, ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà fún wa."

"'Irú nǹkan báyìí kò ṣẹlẹ̀ rí níbikíbi láyé, síbẹ̀—'"

"Ó tó. Ẹ tún un kà."

"'Irú nǹkan báyìí kò ṣẹlẹ̀ rí níbikíbi láyé.'"

Ó kọjú sí ìjọ. Ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀mọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́. Kò ṣẹlẹ̀ rí! Orí ìyàwó wa ló ti mú un jáde. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó yá wọn lọ́mọ odó pàtẹ́wọ́, àwọn tó fọ ọmọ odó pàtẹ́wọ́. Akọrin gbé orin, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ síwájú, ọkọ mi ń fi ọ̀pá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ kan bà lé èjìká mi láti ẹ̀yìn. Àwọn ìka rẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi, wọ́n tẹ eegun ibẹ̀ títí ojú mi fi ṣú. Ẹnu Ọ́nọ́rébù wà létí mi.

"Orí rẹ pé, ìyàwó wa. Orúnkún kan ṣì kù lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ. Bá mi kí i."

Ó sì ń jó. Gbogbo ènìyàn rí i pé ó ń bá wa yọ̀.

Mo jó dé pẹpẹ, mo sì padà. Ohun tí mò ń rò ni pé a ti yè é. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn, tí kò mọ̀ wá, ti fi gbólóhùn kan gba ẹ̀mí wa là. Níwọ̀n ìgbà tí ìtàn mi bá ti jẹ́ irọ́, ọkọ mi á máa mí.

N kò rí Ìyá Ọ̀gá títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló wà, kò bá wa jó. Ó dúró gangan níwájú mi. Ìgbájú tó fún mi tú gèlè mi dànù.

"Kò ṣẹlẹ̀ rí?"

"Ìyá Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Urọ́ ni ọkọ mi? Ẹni tí mo fọwọ́ mi wẹ̀ kí n tó sin ín, tí agbárí rẹ̀ ń rọ̀ lọ́wọ́ mi, urọ́ ni mo wẹ̀?" Ó tún gbá mi. Ètè mi fọ́ mọ́ eyín. "O jó! Mo rí ọ, o jó!"

"Mo jó, Ìyá."

Ó di àyà bùbá mi mú, ó fà mí sún mọ́ra débi pé mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń já. "O mọ̀ ọ́n kọ. Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n sọ. Sọ ohun tí o rí. Gbogbo wọn ló dúró yìí. Sọ ọ́."

Lóòótọ́ ni gbogbo wọn dúró. Tíṣà dúró láàárín wọn, ó fi ìwé náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀gá, mo sì rí ìgbà tó yé e. Ọ́nọ́rébù ti dé ìdí mọ́tò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú, ó fi èkejì sílẹ̀ níta, ó ń dúró de ohun tí màá sọ. Mo wo ọkọ mi. Ó ti gbé ọ̀pá rẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, èyí tó dára.

"Ìyá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé."

Ó tú mi sílẹ̀. Kò tì mí, kò bú mi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó di ohun ìdọ̀tí mú, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ má dá a lóhùn, orí rẹ̀ ti dàrú láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú." Ọ́nọ́rébù gbé ẹsẹ̀ kejì sínú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyẹn, kò jókòó mọ́. Ó ní àwọn ará Ìbàdàn ń bèèrè ìtàn mìíràn.

"Ẹ ní n kò ní òmíràn."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ ni?"

Ó yí padà, ó jáde. Kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn lápá Ùsì, kò gbé aṣọ wá fún mi mọ́, kì í ṣe ti ìjà. Mo rò pé ojú ń tì í láti pè mí ní òǹkọ̀wé.

Ìyá Ọ̀gá ṣì wà. Ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́, àárọ̀ àti ọ̀sán, kò sì kí mi. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá kí n má kúnlẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ kú àtijọ́, Ìyá," á sì máa lọ. Ọ́nọ́rébù náà wà. Kò sí nípò mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó bí wà nípò.

Ọkọ mi fẹ́ kí n dúró dìgbà tí òun bá kú kí n tó kọ èyí. Mo ní n kò fẹ́ dúró, nítorí lọ́jọ́ náà n kò ní rí ẹnì kankan bi bóyá bó ṣe rí ni mo ṣe kọ ọ́. A bá ara wa jà lórí rẹ̀. Níkẹyìn a fẹnu kò: kò sí orúkọ, kò sí ọdún, kò sí ìlú. Lánàá mo kó o fún un. Ó jókòó sí ojú ọ̀nà, ó gbé e sún mọ́ ojú tó kù, ó rọra ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ó tò ó pọ̀, ó fún mi padà.

"Ó dára," ló wí. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Lẹ́yìn náà ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà lókè.